Ọjọ́ Tí Apá Ká Ọ̀tá Oko: Ohun Tí Ìwádìí Fi Yé Wa Nípa Èpò, Kòkòrò àti Àrùn Ohun Ọ̀gbìn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú oko. Ẹ jẹ́ ká fi ìkíni mọ níbẹ̀, ká kó sí ọ̀rọ̀.

Oko méjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Àwọn tó ni wọ́n ra oògùn ẹ̀kan lọ́dọ̀ ọlọ́jà kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kan ti ẹni àkọ́kọ́ gbẹ dé gbòǹgbò; ti ẹnì kejì kàn pọ́n lójú ewé, ó sì tún ń ta láti ìsàlẹ̀. Ohun tí ẹnì kejì máa ń sọ ni pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ayédèrú oògùn wà lọ́jà lóòótọ́, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè ọjọ́ tí oníkálukú fín tirẹ̀, irú omi tó lò, àti bí páǹpù rẹ̀ ṣe ń tú, ẹ ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìgò kọ́ ni ìyàtọ̀ wà.

Ohun kan ṣoṣo tá a fẹ́ fi yé ara wa lónìí nìyẹn. Ọ̀tá oko kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe èpò, kòkòrò tàbí àrùn, ló ní ọjọ́ tí apá ká a, ó sì ní ọjọ́ tí apá kì í ká a mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àwọn olùwádìí, láti ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn dé ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ní Zaria, dé àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú àwọn yunifásítì wa ní Ìlọrin, Málétè àti Òmù-Àrán, ni wíwá ọjọ́ yẹn rí. Àgbẹ̀ tó bá wọ ilé ìtajà oògùn, "Èwo ló gbóná jù?" ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé ọjọ́ mélòó ni ohun tó fẹ́ pa ti dé oko.

Ẹ jẹ́ ká ti orí èpò bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kì í fún ẹnikẹ́ni nísinmi láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹrin. Àwọn onímọ̀ èpò ní ìdánwò kan tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á pín ilẹ̀ kan ṣoṣo sí ojú púpọ̀, wọ́n á gbin àgbàdo kan náà sí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lójú kan, wọ́n á fi èpò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lójú kejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lójú kẹta, mẹ́fà. Lápá kejì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ro ojú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún èpò, òmíràn, mẹ́rin, òmíràn, mẹ́fà. Nígbà ìkórè, wọ́n á gbé àgbàdo ojú kọ̀ọ̀kan ka orí ìwọ̀n. Ohun tí ìwọ̀n ń sọ fún wọn ni pé àárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹfà ni èpò ti ń jalè lára àgbàdo. Èpò tó bá hù lẹ́yìn ìyẹn kò rí nǹkan púpọ̀ mú mọ́, torí òjìji ewé àgbàdo ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ro oko àgbàdo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tó ro ó mọ́ tónítóní, tí ẹni tó ń kọjá lọ́nà sì ń kí i kú iṣẹ́, olè ti kó ilé rẹ̀ kó tó ti ilẹ̀kùn. Àgbàdo náà yóò dúdú padà o, ṣùgbọ́n iye hóró tí ọmọ rẹ̀ yóò ní ti dín kù kí ọkọ́ tó dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni ká kọ́kọ́ ro ó, ká tún un ro ní ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà. Ti ẹ̀gẹ́ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni. Ti iṣu tilẹ̀ tó oṣù mẹ́rin, nítorí pé ewé iṣu kì í borí ilẹ̀ dáadáa láéláé; orí ọ̀pá ló ń gùn lọ, oòrùn sì ń dé ara ebè.

Ẹni tí kò rówó lébìrà tó sì fẹ́ lo oògùn tí wọ́n ń fín kí èpò tó hù, bíi pendimethalin tàbí S-metolachlor, kó mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ kò ju méjì sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn gbígbìn. Irúgbìn èpò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là lábẹ́ ilẹ̀ ni oògùn wọ̀nyí ń pa. Èyí tó ti yọ ewé síta, omi lásán ni wọ́n bù wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀, ká sì ri hóró àgbàdo tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, ká bò ó dáadáa, kí pendimethalin má bàa ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́. Atrazine tí gbogbo wa mọ̀ tẹ́lẹ̀, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ní kó kúrò lọ́jà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, bí wọ́n ti ṣe fún paraquat lọ́dún 2024. Ẹni tó bá ṣì ń tà á fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ mọ ohun tó ń tà.

Ẹ̀kan ló yàtọ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn wa, láti Àjàṣẹ́-Ìpo títí kọjá Òmù-Àrán, kò sí ibi tí kò sí. Agbára rẹ̀ kò sí nínú ewé tí à ń rí, inú gbòǹgbò funfun ṣóńṣó tó ń rìn káàkiri lábẹ́ ilẹ̀ ló wà, gbòǹgbò tó lè gún iṣu ní àgúnyọ. Tí a bá fi ọkọ́ gé e sí wẹ́wẹ́, ojú tó wà lára ègé kọ̀ọ̀kan yóò ta. Ọ̀kan tá a pa á di mẹ́wàá. Nítorí náà ni a fi ń wá oògùn tó lè bá a dé ìsàlẹ̀, glyphosate sì ni.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé glyphosate kò mọ̀nà dé gbòǹgbò fúnra rẹ̀. Oúnjẹ tí ewé ń fi ránṣẹ́ sí gbòǹgbò ló ń gùn lọ. Bí ewé kò bá ránṣẹ́, oògùn kò ní mọ́tò. Ẹ̀kan tó ti gbó, tó ti pọ́n, tó ti yọ òdòdó funfun, kì í fi nǹkan púpọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, tó ń yọ ewé kékeré, ń fa oúnjẹ wá sókè láti gbòǹgbò ni, kò rán nǹkan lọ sísàlẹ̀. Ọjọ́ tí apá ká a ni ìgbà tó bá tún hù lẹ́yìn iná tàbí lẹ́yìn àdá, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tó ga dé orúnkún, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60, tí kò sì tíì yọ òdòdó.

Lítà 4 sí 5 oògùn tó ní gíráàmù 360 glyphosate nínú lítà kan ló ń lọ fún héktà kan tó bá jẹ́ ẹ̀kan. Omi rẹ̀ ní láti mọ́. Omi àbàtà tàbí omi kòtò tó pọ́n, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ló máa ń so mọ́ glyphosate, yóò sì ti pa agbára rẹ̀ kó tó kan ewé. Èyí náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí oko tó wà létí ọ̀nà tí kò lọ́dà, tí eruku pupa ti bo ewé: kí òjò kan kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ewé gbẹ, ká tó fín. Ká rí i pé òjò kò ní rọ̀ fún wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tó le jù fún àgbẹ̀, ìyẹn ni ká jókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀ náà, ẹ má pe katakata. Ẹni tó ro ó lọ́jọ́ karùn-ún torí pé ewé ti ń rọ, ó ti gé ọ̀nà tí oògùn ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kan tún ní àléébù kan tí kò gba oògùn rárá, kò fẹ́ òjìji. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti apá ìparí àwọn ọdún 1980 wá, wọ́n fi mucuna, ohun ọ̀gbìn kan tó ń fà bo ilẹ̀, bo ilẹ̀ tí ẹ̀kan ti gbà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ sì gbà á. Mucuna bá wèrèpè tan, ṣùgbọ́n irú tí à ń gbìn yìí kì í yún ara, ẹ má sá. Ẹ fi àdá gé ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ gbin mucuna ní sẹ̀ǹtímítà 80 láàárín poro, 40 láàárín igi, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Yóò bo ilẹ̀, yóò gùn ún lórí, nígbà tó bá sì gbẹ ní ọyẹ́, ewé rẹ̀ yóò di ẹní sórí ilẹ̀. Èso rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ, ẹ má sì gbìn ín sínú oko iṣu tó ṣì wà nílẹ̀, torí àtigùn ló mọ̀. Ìṣòro tó kù ni iná ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò bá lè gé ààlà iná yí oko rẹ̀ ká, kó má gbìn ín.

A ní ká sọ̀rọ̀ páǹpù. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń wọn oògùn ni ìdérí: ìdérí méjì sí páǹpù kan, tí èpò bá le, mẹ́ta. Ìdérí ìgò yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ìdérí ìgò yẹn. Kódà ká ní ó dọ́gba, ìbéèrè tó kù ni pé báwo ni ilẹ̀ tí páǹpù kan ń fín ṣe tóbi tó lọ́wọ́ ẹni tó gbé e kọ́yìn? Kò sí ìwé ara ìgò tó lè mọ ìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wọ̀n ọ́n.

Ẹ fi okùn wọn ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 10 lóròó, mítà 10 níbùú. Ẹ da omi lásán lítà 5 sínú páǹpù. Kí ẹni tí yóò fín oko gan-an fín ilẹ̀ náà, kó rìn bó ṣe máa ń rìn, kó fa ọwọ́ páǹpù bó ṣe máa ń fà á. Ẹ da omi tó kù padà sínú ike tó ní ìlà lítà. Bó bá jẹ́ lítà 3 ló kù, lítà 2 ló lò. Ọgọ́rùn-ún irú ilẹ̀ yẹn ló wà nínú héktà kan, nítorí náà lítà 200 ni yóò lò fún héktà. Páǹpù lítà 16 yóò kún lẹ́ẹ̀mejìlá ààbọ̀. Tí oògùn yín bá jẹ́ lítà 4 fún héktà, ẹ pín mílílítà 4,000 sí ọ̀nà 12.5, ó jẹ́ mílílítà 320 nínú páǹpù kan.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ kan wà tó ń yára rìn, tí ẹnu páǹpù rẹ̀ sì tín-ín-rín, lítà 1 péré ló lò lórí ilẹ̀ mítà 10 sí mítà 10 yẹn. Tí òun náà bá bu mílílítà 320 sínú páǹpù rẹ̀, lítà 2 oògùn ló fún héktà kan, ìdajì ohun tó yẹ. Ẹ̀kan yóò pọ́n, yóò sì jí. Ẹlòmíràn ń rìn gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́, ẹnu páǹpù rẹ̀ ti jẹ dànù, lítà 4 ló lò. Mílílítà 320 kan náà yóò di lítà 8 fún héktà. Ìgò kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọlọ́jà kan náà. Ẹ̀yin tó ń fi éékà ka oko, éékà kan kò ju nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá héktà lọ, ẹ fi ìyẹn ṣírò. Ẹnu páǹpù tó ń tú bí abẹ̀bẹ̀ ni ti èpò, èyí tó ń tú bí àrọ ni ti kòkòrò. Èyí tó bá ti ń tú ju tuntun lọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n tó oògùn tó ń dà nù.

Èpò kan tún wà tó máa ń pọ̀ bí ẹ bá ti ń lọ sókè odò Ọya, tí kò sì ṣàjèjì sí oko ọkà bàbà àti àgbàdo ní agbègbè Ìlọrin. Striga ni wọ́n ń pè é, òdòdó rẹ̀ dára bí nǹkan ẹ̀ṣọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ èsè àlùkò tó ti ṣá. Gbòǹgbò ọkà ló ń lẹ̀ mọ́ tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Igi kan lè so ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta irúgbìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré bí eruku, ó sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọdún tó ju mẹ́wàá lọ. Kò ní là títí yóò fi gbóòórùn ohun kan tí gbòǹgbò ọkà ń sun sínú ilẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní strigolactone. Lára gbòǹgbò òwú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú irú rẹ̀ lọ́dún 1966.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni Striga fi ń gbé abẹ́ ilẹ̀ kó tó yọ orí síta, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣe ọṣẹ́ rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó rí òdòdó rẹ̀ tó sì fà á tu kò gba àgbàdo ọdún yìí là mọ́. Síbẹ̀ kó fà á, kó sì fà á kí òdòdó tó di èso, torí ti ọdún tó ń bọ̀. Ibi tí apá ti ká a ni ọjọ́ tó bá là láìrí ọkà lẹ̀ mọ́: láàárín ọjọ́ díẹ̀, ebi á pa á kú. Gbòǹgbò sóyà, òwú àti ẹ̀pà ń sun ohun tó ń tàn án jáde, ṣùgbọ́n Striga ọkà kò lè mu wọ́n. Ẹni tó gbin sóyà lọ́dún kan tàbí méjì sórí ilẹ̀ tó ní Striga, pàkúté ló dẹ fún un. Ajílẹ̀ náà wúlò, torí ọkà tí ebi ilẹ̀ ń pa ló ń sun strigolactone jù. IITA sì ti ní àwọn irú àgbàdo tí Striga kì í rí mú púpọ̀. A lè fi gbogbo èyí papọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kì í tó.

Kòkòrò wá kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kòkòrò kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wọ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i. Fall armyworm ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní kòkòrò ológun. Àfòpiná ló ń yé e, ẹyin ọgọ́rùn-ún sí igba nínú ìdì kan, ó sì lè yé ẹyin tó ju ẹgbẹ̀rún lọ kó tó kú. Ẹ fi ojú mọ̀ ọ́n: àmì bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dà kodò wà níwájú orí rẹ̀, tóótòòtó dúdú mẹ́rin tó dọ́gba bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí sì wà nítòsí ìdí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí àmì méjèèjì yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò mìíràn, irú èyí tó ń lu ihò sínú igi àgbàdo láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹyin rẹ̀ fi ń pa. Ọmọ rẹ̀ kò tó orí abẹ́rẹ́, kò lè lu ewé, ńṣe ló ń họ ọ́ lójú kan, tí ewé yóò fi máa tàn bí ọ̀rá nígbà tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn. Ọjọ́ tí apá ká a nìyẹn, kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ yóò wọnú ihò tó wà láàárín orí àgbàdo, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, tí a lè pè ní ọ̀fun àgbàdo, yóò sì fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Ìgbẹ́ náà dà bí ìyẹ̀fun tó ń já bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń la pákó. Àwọn tó ti dàgbà ń pa ara wọn jẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì péré lẹ ń bá nínú ọ̀fun kan. Púpọ̀ nínú gbogbo ohun tó máa jẹ láyé rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ tó kẹ́yìn ló ń jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tó rí ihò ràgàjì lára ewé, tó wá sáré lọ ra oògùn, ó bá kòkòrò náà nínú ilé tó ti tì pa. Ó fín, kò kú. Ó po méjì pọ̀, kò kú. Lọ́jọ́ kẹrin, kòkòrò náà wọ ilẹ̀ lọ láti di àfòpiná, kò sí nínú àgbàdo mọ́, àgbẹ̀ sì rò pé oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ṣiṣẹ́.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Láti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí àgbàdo bá ti hù títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fi ìgbésẹ̀ bíi mẹ́ta wọ inú ààlà oko, ẹ dúró ní ibi márùn-ún, ẹ wo igi 20 níbi kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Ọ̀fun àgbàdo ni kẹ́ ẹ wò, pẹ̀lú ìdí ewé. Nígbà tí àgbàdo ṣì kéré, bí 20 nínú 100 bá ní ojú ibi tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ẹ fín. Nígbà tó bá ti ga, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ lè mú un mọ́ra títí dé 40. Tó bá ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ má fín mọ́, oògùn kì í dé ibi tí kòkòrò wà. Ewé tó ti fàya láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ má kà á. Ogun tó ti parí nìyẹn. Àgbàdo máa ń kọ́fẹ padà ju bí a ṣe rò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ tàbí kùtùkùtù ni ká fín, torí ìgbà yẹn ni kòkòrò náà ń jáde. Ẹ darí ẹnu páǹpù sínú ọ̀fun, ẹ má fi í yà gba ojú ewé lọ. Emamectin benzoate, spinetoram àti chlorantraniliprole ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó kéré. Ẹ wo ara ìgò dáadáa: nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀, 6 ni ti emamectin, 5 ni ti spinetoram, 28 ni ti chlorantraniliprole. Ẹ má lo nọ́ńbà kan náà fún ìran kòkòrò méjì tó tẹ̀lé ara wọn, nǹkan bí oṣù kan sì ni ìran kan. Orúkọ ara ìgò lè yàtọ̀, kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ kò sì tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Àwọn tó bá la ti ẹgbẹ́ 6 já ló máa bí èyí tí ẹgbẹ́ 6 kì í pa.

Ẹni tí oko rẹ̀ kéré lè lo dóńgóyárò. Ẹ sá èso rẹ̀ sábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe ojú oòrùn, torí oòrùn ń pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ fọ́ èèpo rẹ̀, ẹ gún gíráàmù 500 ọkàn rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fín in nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò ní pa èyí tó ti tóbi, ẹ má retí ìyẹn. Ẹ sì máa rántí pé kòkòrò rere náà wà nínú oko: èèrà ń gbé ọmọ kòkòrò ológun lọ, agbọ́n wẹ́ẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ Telenomus remus sì ń yé ẹyin tirẹ̀ sínú ẹyin àfòpiná náà. Oògùn tí a fín láìnídìí, àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ pa.

Ẹ̀wà ni ó ní ọ̀tá tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ dé lọ́jọ́ kan. Iná orí ewé, ìyẹn kòkòrò wẹ́ẹ́wẹ́ tó ń mu omi ara ewé, ń wá nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó, nǹkan bí ọjọ́ 30 sí 35, kòkòrò tíńtínní tí wọ́n ń pè ní thrips ń wọ inú ọmọ òdòdó, yóò sì máa já bọ́ kó tó là. Maruca, ìdin àfòpiná kan, ń tẹ̀lé e, ó ń jẹ òdòdó àti pódi. Àwọn tó ń fi ẹnu mu omi inú pódi ló gbẹ̀yìn. Àgbẹ̀ tó fín lẹ́ẹ̀mẹta torí ihò ara ewé, tí owó rẹ̀ wá tán nígbà tí òdòdó dé, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ tọ́jú owó fún ìgbà tí ọmọ òdòdó bá yọ àti ìgbà tí pódi bá jáde, ẹ sì fín nírọ̀lẹ́ nítorí oyin. SAMPEA 20-T, tí IAR Zaria mú jáde tí ìjọba sì fọwọ́ sí lọ́dún 2019, ní ohun tó ń pa Maruca nínú ara rẹ̀. Maruca nìkan ni o. Ẹni tó gbìn ín tó ní òun kò ní fín mọ́ rárá, thrips yóò jí i lójú oorun. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da oògùn olómi èyíkéyìí sí ẹ̀wà tí ènìyàn máa jẹ. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀: kí ẹ̀wà gbẹ dáadáa, kí ẹ di ẹnu ọ̀rá inú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì ṣí i wò kí oṣù méjì tó pé.

Èbù iṣu kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi ọ̀bẹ họ awọ rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rí ilà dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ awọ, aràn tí ojú lásán kò lè rí ti wà níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá sì rí kókókòkó, irú aràn mìíràn ni. Ẹ sè é jẹ, ẹ má gbìn ín. Èyí tó mọ́, ẹ fi eérú igi pa ojú ibi tí ọ̀bẹ kàn, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó gbẹ.

Ti ẹ̀gẹ́ ló dára jù láti fi rí bí ìwádìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò oníyẹ̀fun funfun kan ti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà láti apá Kóńgò, ó sì ń gbẹ orí ẹ̀gẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Oògùn kò ká a. Àwọn olùwádìí béèrè pé, kí ló dé tí kò fi pa ẹ̀gẹ́ run ní ilé rẹ̀? Wọ́n wá a lọ, wọ́n sì bá agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi, ní Paraguay lọ́dún 1981, tó ń fi ọmọ rẹ̀ sínú kòkòrò náà. IITA bí i, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995. Títí di òní, agbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú oko yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kò sì mọ̀ ọ́n lójú.

Àrùn tó kù fún ẹ̀gẹ́ wa ni èyí tó ń sọ ewé di aláràbarà, funfun níbí, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, tí ewé á sì ká. Fáírọ́ọ̀sì ni. Eṣinṣin funfun ń gbé e kiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wọ oko, nínú igi tí a gé gbìn. Kò sí oògùn tó ń wo ẹ̀gẹ́ tó ti ní i sàn. Ìgbà tí a bá ń yan igi nìkan ni apá ká a. Tí ẹ bá wá dúró di oṣù kẹrin kí ẹ tó lọ wá igi, ẹ̀ẹ̀rùn á ti gbọn ewé dànù, igi tó ní àrùn àti èyí tí kò ní yóò jọ rí bákan náà, kò sì sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí ewé ṣì wà lórí, ni ká mú àkísà pupa wọ oko, ká so ó mọ́ ìdí gbogbo igi tí ewé rẹ̀ mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí ìgbà gbígbìn bá dé, ara àwọn igi tó ní àkísà nìkan ni ká ti gé, sẹ̀ǹtímítà 25, kó ní ojú márùn-ún sí méje. Èyí tó bá tún yọ ewé aláràbarà láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ká fà á tu, ká sì fi igi mìíràn sí àyè rẹ̀.